Sinimá, Ẹ̀mí Àìmọ́ àti Àìsàn

Ní alẹ́ ọjọ́ kan ní kíláàsì àwọn àgbà, kí a tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́, bàbá kan tí ó ń ṣe iṣẹ́ télọ̀ ń sọ ohun tí ó rí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ti lọ kí ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, wọ́n sì jọ wo sinimá kan nínú tẹlifíṣọ̀n ní òru. Ó ní ọmọbìnrin kékeré kan dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, bẹ́ẹ̀dì náà sì ń fò sókè. Ó ní ohùn àgbà ni ó ń jáde ní ẹnu ọmọ náà. Ó ní orí ọmọ náà yí po títí ojú rẹ̀ fi kọ sí ẹ̀yìn.

"Àwọn dókítà wò ó títí, wọn kò rí nǹkan kan," ni télọ̀ wí. "Àlùfáà ni wọ́n wá pè."

Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá kan tí ó ń ta èlùbọ́ ní ọjà, tí ó máa ń jókòó ní iwájú nítorí ojú rẹ̀, ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ àbúrò mi tí ó máa ń ṣubú, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófó, ṣé ohun tí ó ń ṣe òun náà nìyẹn? Wọ́n ti ní kí á gbé e lọ síbì kan. Wọ́n ní wọn yóò dè é mọ́lẹ̀, kò sì ní jẹun fún ọjọ́ méje."

A kò lè dáhùn ìbéèrè náà tán ní alẹ́ ọjọ́ náà. A ṣèlérí pé a óò kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹni tí ó ti mọ ìwé kà lè kà á fún àwọn ará ilé rẹ̀. Ìdí tí a fi kọ ọ̀rọ̀ yìí nìyẹn.

Sinimá tí télọ̀ wò

Orúkọ sinimá náà ni The Exorcist. Ìtumọ̀ rẹ̀ ní èdè wa ni "Ẹni tí ń lé ẹ̀mí àìmọ́ jáde". Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é, ó sì jáde ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 1973. William Friedkin ni ó darí rẹ̀. Kí ó tó di sinimá, ìwé ìtàn ni. William Peter Blatty ni ó kọ ìwé náà, ó sì jáde ní 1971. Blatty ti gbọ́ ìròyìn ọmọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Maryland tí àwọn àlùfáà Ìjọ Àgùdà gbàdúrà lé lórí ní 1949. Láti inú ìròyìn yẹn ni ó ti mú ìtàn tirẹ̀. Ọmọkùnrin ni ti 1949, ọmọbìnrin ni ti inú ìwé, ọ̀pọ̀ nǹkan mìíràn ni Blatty sì fi kún un láti inú orí ara rẹ̀. Òǹkọ̀wé ìtàn àròsọ ni, iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn, a kò bá a wí.

Ìtàn náà lọ báyìí. Ọmọbìnrin ọdún méjìlá kan, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Regan, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ ní ìlú Washington. Òṣèré ni ìyá náà. Ọmọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ó ń ṣépè, ó ń bú àgbà. Ó tọ̀ sílẹ̀ níwájú àwọn àlejò ìyá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ń mì tìtì. Ìyá gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Dókítà ní ara ọmọ náà ni kò balẹ̀, ó kọ oògùn fún un. Oògùn kò ràn án. Wọ́n ní bóyá egbò kan wà nínú ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ ní ọrùn, wọ́n fi oògùn kan sí iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kí inú orí rẹ̀ lè hàn dáadáa nínú àwòrán X-ray. Wọn kò rí nǹkan kan. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn dókítà fúnra wọn ni ó sọ fún ìyá náà pé kí ó lọ wá àlùfáà. Àlùfáà méjì ni ó wá. Àwọn méjèèjì kú, ọmọ náà sì yè.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ kí a ká aṣọ lójú fèrèsé. Ọmọ tí ó ṣe Regan ni Linda Blair. Ọmọ bí ọdún mẹ́tàlá ni nígbà tí wọ́n ń ya àwòrán náà, ara rẹ̀ sì le koko. Ohùn burúkú tí télọ̀ gbọ́ kì í ṣe ti ọmọ náà, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ti ọkùnrin. Ohùn obìnrin òṣèré kan ni, Mercedes McCambridge, ẹni tí ó ń gbé ẹyin àìsè mì, tí ó sì ń fa sìgá kí ohùn rẹ̀ lè ha. Orí tí ó yí po jẹ́ orí ọmọlangidi tí Dick Smith ṣe. Ọ̀gá ni Dick Smith nínú iṣẹ́ kíkun ojú àti ṣíṣe àwọ̀ ara fún àwọn òṣèré. Èébì tí ọmọ náà bì jẹ́ ọbẹ̀ ẹ̀wà kan tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé, tí àwọn Òyìnbó máa ń jẹ. Èéfín tí ó ń jáde lẹ́nu gbogbo wọn, ẹ̀rọ amútútù ni wọ́n fi mú kí yàrá náà tutù ju yìnyín lọ. Ẹ̀rọ ni ó ń mi bẹ́ẹ̀dì. Okùn ni ó fa Ellen Burstyn, tí ó ṣe ìyá ọmọ náà, ṣubú lulẹ̀, ó sì fi ẹ̀yìn pa ní tòótọ́.

Síbẹ̀ ẹ̀rù ba àwọn ènìyàn. Ní 1975 dókítà kan ní Amẹ́ríkà, James Bozzuto, kọ̀wé nípa ènìyàn mẹ́rin tí ọkàn wọn dàrú lẹ́yìn tí wọ́n wo sinimá yìí. Àwọn tí a ń sọ yìí kì í ṣe ọmọdé o. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi télọ̀ wa ṣe ẹlẹ́yà pé kò sùn mọ́jú.

Ìdí tí dókítà inú sinimá kì í fi í rí àìsàn

Ibì kan wà nínú ìtàn náà tí a fẹ́ kí ẹ tún wò. Bí dókítà bá rí àìsàn ọmọ náà ní ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́, tí ó fún un ní oògùn, tí oògùn sì ràn án, sinimá parí nìyẹn. Owó àwọn tí ó ṣe é wọ igbó. Nítorí náà dókítà inú irú sinimá bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ rí nǹkan kan. Wọ́n á kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ ńláńlá hàn wá, kí a lè gbà pé ìmọ̀ Òyìnbó ti dé òpin. Nígbà náà ni wọ́n á ṣílẹ̀kùn fún ẹ̀mí àìmọ́.

Àwọn sinimá tí ó tẹ̀lé e ń tọ ọ̀nà yìí títí di òní. Nínú fídíò tiwa náà, ta ni kò tíì rí dókítà tí ó bọ́ awò ojú rẹ̀, tí ó mi orí, tí ó ní, "Ẹ máa gbé e lọ ilé, àìsàn yìí kì í ṣe ti ọsibítù"? A ti rí i tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn mìíràn nínú wa fi ń retí kí dókítà gidi náà sọ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́bàá ọ̀nà. Nínú ìwé yìí, "ẹ̀mí àìmọ́" ni à ń pè é, a kò pè é ní Èṣù. Àwọn tí ó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa ni ó fi orúkọ Èṣù pe Sátánì. Àwọn onísẹ̀ṣe kò gbà pé ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì. Ìjà yẹn kì í ṣe tiwa lónìí.

Kí ni wárápá?

Ọpọlọ ènìyàn ń fi iná mọ̀nàmọ́ná kékeré ṣiṣẹ́. Iná náà kéré púpọ̀, kò lè tan gílóòbù, ṣùgbọ́n òun ni ọpọlọ fi ń rán ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ní iṣẹ́. Dókítà ará Jámánì kan, Hans Berger, ni ó kọ́kọ́ fi ẹ̀rọ mú iná yìí lára orí ènìyàn ní 1924, tí ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde nínú ìwé ní 1929. Bí gbogbo nǹkan bá wà létòlétò, iná náà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìwọ̀n. Nígbà tí wárápá bá dé, ó dà bí ìgbà tí wáyà kan ara wọn. Iná ya lójijì níbi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ó bá gba gbogbo ọpọlọ, ènìyàn á ṣubú, ara rẹ̀ á le gan-an, á máa gbọ̀n, ó sì lè ké igbe kan tí kò dà bí ohùn rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ara líle náà fún jáde láti inú àyà ni ó ń fa igbe yẹn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo wárápá ni ó ń gbé ènìyàn ṣubú. Èyí ni ọ̀pọ̀ nínú wa kò mọ̀. Bí iná náà bá ya ní apá ọpọlọ tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ etí nìkan, ẹni náà lè dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ojú rẹ̀ sì la sílẹ̀. Yóò máa gbọ́ òórùn ohun jíjẹrà tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó lè rí ojú ènìyàn tí kò sí níbẹ̀. Ẹ̀rù ńlá lè bà á láìnídìí. Yóò máa jẹ ẹnu lásán, yóò máa fa bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan tàbí méjì, ó tán. Bí ẹ bá bi í léèrè, kò ní purọ́ fún yín. Ohun tí ọpọlọ rẹ̀ fi hàn án ni yóò sọ. Ṣé ẹ wá rí i bí ó ti rọrùn tó kí àwọn ará ilé máa sọ pé ẹ̀mí kan ti wọ inú rẹ̀?

Àwọn ará Gíríìsì àtijọ́ náà rò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń pè é ní àrùn mímọ́, wọ́n ní àwọn òrìṣà wọn ni ó ń fà á. Ó lé ní ẹgbẹ̀rún méjì ọdún sẹ́yìn tí àwọn oníṣègùn tí ó tẹ̀lé Hippocrates ti kọ̀wé pé kò mọ́ ju àrùn mìíràn lọ, pé inú ọpọlọ ni ó ti ń wá. Ìwé náà ṣì wà. Sinimá kan kò sì tíì gbé e jáde, nítorí kò sí ẹ̀rù nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ Anneliese Michel

Ìtàn kejì yìí kì í ṣe àròsọ. A óò rọra sọ ọ́.

A bí Anneliese Michel ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1952 ní ilẹ̀ Bavaria, ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì ti ìgbà náà. Ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Klingenberg, ní etí odò Main, ni ó dàgbà sí. Ìdílé Ìjọ Àgùdà ni wọ́n, wọn kì í fi ìsìn ṣeré rárá. Ní 1968, nígbà tí Anneliese ṣì wà ní ilé-ìwé, wárápá mú un fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní irú tí ó ń wá láti ẹ̀gbẹ́ ọpọlọ ni, èyí tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí. Wọ́n fún un ní oògùn. Kò tán pátápátá. Ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Bí ó bá ń gbàdúrà, ó ń rí ojú burúkú. Ó ń gbọ́ ohùn tí ń sọ fún un pé ọ̀run àpáàdì ni yóò lọ. Síbẹ̀ ó wọ Yunifásítì Würzburg ní 1973, ó fẹ́ di tíṣà.

Díẹ̀ díẹ̀ ni òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ ni. Ní 1974 sinimá The Exorcist dé Jámánì, àwọn ènìyàn sì ń wọ́ lọ wò ó. A kò sọ pé sinimá ni ó fa ọ̀rọ̀ Anneliese, nítorí àìsàn rẹ̀ ti wà kí sinimá tó dé. Ohun tí a ń sọ ni pé ní ọdún wọ̀nyẹn, irú àwòrán bẹ́ẹ̀ ti wà lójú gbogbo ènìyàn.

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1975, Bíṣọ́ọ̀bù Josef Stangl ti Würzburg gbà kí wọ́n ṣe ètò ìlé-ẹ̀mí-jáde fún un. Fadá Arnold Renz àti Fadá Ernst Alt ni ó ṣe é. Ìgbà 67 ni wọ́n ṣe é láàárín bí oṣù mẹ́wàá, ìgbà mìíràn sì wà tí ó ń gbà tó wákàtí mẹ́rin. Wọ́n ká ohùn rẹ̀ sínú téèpù tí ó lé ní ogójì. Ní àkókò yìí kò sí ìtọ́jú dókítà fún un mọ́. Ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dìde, títí orúnkún rẹ̀ méjèèjì fi bàjẹ́. Ó kọ oúnjẹ. Ó ní wọn kò jẹ́ kí òun jẹun. Àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ jù lọ ní ayé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́, wọ́n ń gbàdúrà, ó sì ń gbẹ lójú wọn.

Ó kú ní ọjọ́ 1 oṣù Keje ọdún 1976. Ọmọ ọdún 23 ni. Ìwọ̀n rẹ̀ kò ju nǹkan bíi kílò 31 lọ. Ọmọ ilé-ìwé wa tí ó wà ní ọdún mẹ́wàá lè wọ̀n tó bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn dókítà yẹ òkú rẹ̀ wò, wọ́n ní àìjẹun àti àìmumi ni ó pa á.

Ní 1978 ìjọba pe àwọn òbí rẹ̀ àti fadá méjèèjì lẹ́jọ́ ní ìlú Aschaffenburg. Ẹjọ́ náà ni pé wọ́n fi àìbìkítà fa ikú rẹ̀. Ìjọba ní bí wọ́n bá pe dókítà, kódà nígbà tí ó ku ọ̀sẹ̀ kan kí ó kú, kì bá má kú. Adájọ́ dá wọn lẹ́bi. Ó dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún wọn, ṣùgbọ́n ó so ó rọ̀ fún ọdún mẹ́ta, wọn kò wọ ilé ẹ̀wọ̀n. Ìyà wo ni adájọ́ ìbá tún fi jẹ ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú sí i lọ́wọ́ báyìí?

Wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣe sinimá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní 2005 Amẹ́ríkà ṣe The Exorcism of Emily Rose. Wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, wọ́n gbé e wá sí Amẹ́ríkà, wọ́n fi òkùnkùn àti igbe kún un. Ní 2006 àwọn ará Jámánì ṣe tiwọn, orúkọ rẹ̀ ni Requiem. Nínú èyí kò sí bẹ́ẹ̀dì tí ń fò. Ọmọbìnrin tí ara rẹ̀ kò yá, tí kò sì mọ ẹni tí òun ìbá sọ fún, ni ẹ óò rí. Bí ẹ bá bi wá, èyí ni ó bani nínú jẹ́ jù, ṣùgbọ́n òmíràn ni ó pa owó.

Kí á má ṣe purọ́ mọ́ ìjọ wọn. Ìwé ètò ìlé-ẹ̀mí-jáde ti Ìjọ Àgùdà, tí ó jáde ní 1614, ti kìlọ̀ fún àlùfáà láti ìgbà náà pé kí ó má tètè gbà pé ẹ̀mí àìmọ́ wà nínú ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n tún ìwé náà ṣe ní 1999, wọ́n tún tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n ya àìsàn sọ́tọ̀.

Obìnrin tí ó ya àwòrán agogo

Àìsàn mìíràn wà tí ó jọ ti Regan ju wárápá lọ. Ọdún 2007 ni àwọn dókítà tó fún un ní orúkọ. Josep Dalmau àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ó ṣàlàyé rẹ̀. Nínú ara wa, a ní àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí ń bá kòkòrò àrùn jà. Nínú àìsàn yìí, àwọn ọmọ ogun náà ṣìnà, wọ́n sì kọjú ìjà sí ọpọlọ onílé. Ẹni tí ara rẹ̀ yá láná yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù gbogbo ènìyàn. Yóò máa sọ ìsọkúsọ. Gìrì yóò máa gbé e. Ẹnu àti ọwọ́ rẹ̀ yóò máa ṣe ohun tí kò rán wọn. Àwọn ọ̀dọ́bìnrin ni ó sì ń mú jù.

Ní 2009 ó mú obìnrin oníròyìn kan ní New York, Susannah Cahalan, ọmọ ọdún 24. Dókítà kan ní ọtí ni, ẹlòmíràn ní ìrònú ni. Wọ́n ya àwòrán ọpọlọ rẹ̀, kò fi nǹkan kan hàn, gẹ́gẹ́ bí ti inú sinimá. Ibí yìí ni ìbá ti di ọ̀rọ̀ àlùfáà bí ó bá jẹ́ sinimá ni. Ṣùgbọ́n dókítà kan, Souhel Najjar, fún un ní bébà àti bírò. Ó ní, "Ya agogo fún mi, kí o kọ nọ́ńbà sí i láti 1 dé 12." Cahalan ya á. Gbogbo nọ́ńbà náà ni ó kó sí apá ọ̀tún, apá òsì ṣófo. Níbẹ̀ ni dókítà ti mọ̀ pé apá kan ọpọlọ rẹ̀ ni ó wú. Wọ́n tọ́jú rẹ̀, ara rẹ̀ yá, ó padà sí ẹnu iṣẹ́, ó sì kọ ìwé nípa rẹ̀ ní 2012. Bébà kan àti bírò kan ni.

Ní ilé tiwa

Nísinsìnyí a padà sí ìbéèrè Ìyá Elélùbọ́.

Ọmọ tí ó ń ṣubú, tí ó ń gbọ̀n, tí ẹnu rẹ̀ ń yọ ìfófó, wárápá ni ó jọ, dókítà ni ó sì lè sọ ọ́ dájú. Ìfófó yẹn kò ran ẹnikẹ́ni. Itọ́ lásán ni, tí afẹ́fẹ́ pò pọ̀ mọ́. Nítorí ìbẹ̀rù ìfófó yìí, àwọn ènìyàn ti sá kúrò lọ́dọ̀ ẹni tí wárápá gbé ṣubú sínú iná ìdáná. Wọ́n dúró lókèèrè títí iná fi jó o. Ojú apá rẹ̀ wà lára ọ̀pọ̀ ènìyàn.

Bí ó bá mú ẹnì kan níwájú yín, ẹ gbé ohun líle àti iná kúrò nítòsí rẹ̀. Ẹ fi aṣọ sí abẹ́ orí rẹ̀. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè dà jáde. Ẹ má fi ṣíbí tàbí ìka bọ ẹnu rẹ̀, eyín ni ẹ óò fi kán. Ẹ má di í mú, ẹ má fún un ní omi tàbí epo. Ẹ wo agogo. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ wá ọkọ̀ lọ sí ọsibítù.

Ti ọmọdé tí ara rẹ̀ gbóná tí gìrì sì gbé yàtọ̀ díẹ̀. Ibà ni ó sábà máa ń fà á, ibà lè wọ inú ọpọlọ, kò sì yẹ kí ẹ dúró rárá. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa ní ilẹ̀ Yorùbá máa ń rọ àgbo tútù sí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu, àwọn mìíràn ṣì ń rọ ọ́. Ìtọ̀ màlúù àti ewé tábà wà nínú rẹ̀. Wọ́n tún máa ń ti ẹsẹ̀ ọmọ bọ iná kí ó lè ta jí. Ìfẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Àwọn oníṣègùn ní Ìbàdàn ṣe ìwádìí àgbo náà, wọ́n sì rí i pé ó ń mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, pé májèlé tábà sì ń dá gìrì mìíràn sílẹ̀. Ọmọ tí ibà kì bá pa, àgbo pa á.

Wárápá ní oògùn. Ọ̀kan nínú wọn, phenobarbital, ti wà láti 1912, owó rẹ̀ kò sì wọ́n bí ti àwọn yòókù. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nínú ènìyàn mẹ́wàá tí ó ní wárápá, méje lè bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n bá rí oògùn tí ó yẹ, tí wọ́n sì ń lò ó bí ó ti tọ́. Kì í ṣe oògùn ọjọ́ mẹ́ta o. Ojoojúmọ́ ni, fún ọdún púpọ̀, ẹni tí ó bá sì dá a dúró lójijì lè ṣubú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ.

Ẹnì kan yóò ní, "Ṣé kí á má gbàdúrà mọ́ ni?" Ó tì o. Ẹni tí ó fẹ́ gbàdúrà, kí ó gbàdúrà, kí ọmọ sì jẹun, kí ó sì lo oògùn rẹ̀. Nígbà tí Dókítà Adéoyè Lámbò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ ní Arò, ní Abẹ́òkúta, ní 1954, ó jẹ́ kí àwọn tí ọpọlọ wọn kò pé máa gbé nínú abúlé ìtòsí pẹ̀lú ìbátan wọn, kí wọ́n máa wá gba ìtọ́jú ní ọsibítù. Ó pe àwọn babaláwo àti oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Gbogbo ayé ni ó wá wo iṣẹ́ yẹn. Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n bá ti ní kí wọ́n de ọmọ mọ́lẹ̀, kí wọ́n sì fi ebi pa á fún ọjọ́ méje, ọ̀nà Klingenberg ni wọ́n ń tọ̀.

Ìyá Elélùbọ́ kò dúró de ìwé yìí. Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí ó bi wá ní ìbéèrè, òun àti àbúrò rẹ̀ ti gbé ọmọ náà lọ sí ọsibítù. Dókítà bi wọ́n pé, "Ìgbà mélòó ni ó ṣubú ní oṣù tí ó kọjá?" Àbúrò rẹ̀ ní, "Ó pọ̀, dókítà." Dókítà ní "ó pọ̀" kò tó òun, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni Ìyá Elélùbọ́ ti ní ìwé kékeré kan tí ó ń fi pamọ́ sínú àpò owó rẹ̀. Ó mú un wá sí kíláàsì, ó fi hàn wá. Ọjọ́ ni ó kọ́kọ́ kọ, lẹ́yìn náà agogo, lẹ́yìn náà ìṣẹ́jú tí ọmọ náà fi gbọ̀n. Ìlà mẹ́ta ni ó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ìlà kẹta, ojú ìwé náà ṣófo, ọmọ náà sì ti lo oògùn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

Télọ̀ gba ìwé náà wò dáadáa. Ó ní, "Ìyá wa, ẹ kò fi àmì sábẹ́ 'ìṣẹ́jú' yìí o." Ìyá gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì fi í sí i.